Òfin Nọ́mbà Ọkọ̀ ní Èkó, Ọdún 1977

Ní ọdún 1977, ìjọba ológun Nàìjíríà tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ń ṣe olórí rẹ̀ gbé òfin kan kalẹ̀ nílùú Èkó, èyí tí àwọn tí ó ti dàgbà nígbà náà ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní. Wọ́n pín ọkọ̀ àdáni sí ọ̀nà méjì gẹ́gẹ́ bí nọ́mbà tí ó wà lára rẹ̀. Ọkọ̀ tí nọ́mbà rẹ̀ ṣe é pín sí méjì dọ́gba ní ọjọ́ tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Èyí tí nọ́mbà rẹ̀ kò ṣe é pín bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ kò bá jẹ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ sílé, kí ó wá ọ̀nà mìíràn dé ibi iṣẹ́. Ìṣirò tí ó wà nídìí òfin náà rọrùn: bí ìdajì ọkọ̀ bá jókòó sílé lójoojúmọ́, ojú ọ̀nà yóò gbòòrò fún ìdajì tí ó kù. Lórí ìwé, ìṣirò náà pé. Lójú pópó, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe nítorí pé Èkó jẹ́ ìlú àwọn ìbátan wa nìkan ni mo ṣe yan ìtàn yìí fún àwọn òǹkàwé wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Kútọnú. Ohun tí ìjọba Nàìjíríà bá ṣe sí mọ́tò àti sí epo mọ́tò kì í pẹ́ kí ó tó kọjá ibodè Sèmè dé ọ̀dọ̀ wa. A ó rí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ níwájú.

Kí a tó dá òfin náà lẹ́jọ́, ó yẹ kí a mọ irú ìlú tí wọ́n ṣe é fún. Erékùṣù ni Èkó. Orí erékùṣù náà ni ilé iṣẹ́ ìjọba wà, ibẹ̀ ni báǹkì wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ilé ìtajà ńláńlá wà. Ṣùgbọ́n òdìkejì ọ̀sà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ ń sùn: Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, Yábàá, Sùúrùlérè, Múṣin, títí dé Ìkẹjà. Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí afárá Carter, tí ó so erékùṣù mọ́ Ìdó níbi tí rélùwéè parí sí. Ní ọdún 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tí ó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí afárá náà kọjá wọ inú ìgboro. Ọdún 1933 ni wọ́n pa á tì, wọn kò sì fi ọkọ̀ ojú irin mìíràn rọ́pò rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni ó gba ipò rẹ̀, pàápàá bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ Zarpas, ará Gíríìsì kan tí orúkọ rẹ̀ di orúkọ bọ́ọ̀sì lẹ́nu àwọn ará Èkó. Ìgbìmọ̀ ìlú Èkó ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1958. Ní ọdún 1965, àwọn òṣìṣẹ́ Julius Berger láti Jámánì bẹ̀rẹ̀ afárá kejì, èyí tí a ń pè ní afárá Èkó. Ó di ọdún 1975 kí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ tó parí.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní Èkó ìgbà náà, ọ̀nà méjì péré ni ó wọ ọjà láti òkè odò, gbogbo ènìyàn sì fẹ́ gbà á lẹ́ẹ̀kan náà ní òwúrọ̀.

Nígbà náà ni owó dé. Láti ìparí ọdún 1973 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1974, iye owó epo rọ̀bì lágbàáyé di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ìjọba Nàìjíríà yan ìgbìmọ̀ kan tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ láti yẹ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wò. Àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà jáde ní ọdún 1974; nígbà tí ọdún 1975 fi wọlé, òṣìṣẹ́ ti gba àfikún, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ oṣù mélòó kan fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Owó Udoji" ni gbogbo ayé ń pè é. Àwọn kan fi ra rédíò, àwọn kan fi gbé ìyàwó, ọ̀pọ̀ sì fi ra alùpùpù tàbí ọkọ̀. Ní ọdún 1975 yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ṣílẹ̀kùn ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ìjàpá pọ̀, nígbà tí ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kàdúná. Ọkọ̀ tí ó jẹ́ pé dókítà, lọ́yà àti oníṣòwò ńlá ni wọ́n ń gùn ún tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí akọ̀wé lè fọwọ́ kàn.

Ẹ jẹ́ kí a má gbàgbé pé ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó ń ti àwọn ènìyàn sí ìdí ọkọ̀. Láti ayé àwọn òyìnbó ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ipò wọn ga ti ń gba owó yá láti fi ra ọkọ̀, tí wọ́n sì ń gba àjẹmọ́nú lé e lórí kí wọ́n lè máa tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó lọ, ọmọ onílẹ̀ bọ́ sórí àga, ó sì bá ẹ̀tọ́ náà níbẹ̀. Ó tún ku epo. Ní ọdún 1977 gan-an, ìjọba Ọbásanjọ́ ṣe òfin ìdíyelé tí ó fún ìjọba lágbára láti pinnu iye tí wọn yóò máa ta epo mọ́tò, kí ó má baà wọ́n jù fún ará ìlú. Ọwọ́ kan náà ni ó ń yá ènìyàn lówó ọkọ̀, tí ó ń mú epo rọjú, tí ó sì ń nawọ́ dá ọkọ̀ dúró lójú títì.

Ní ti àwọn tí kò ní ọkọ̀, àwọn ni ó pọ̀ jù, àwọn sì ni ẹnikẹ́ni kò bi léèrè. Bọ́ọ̀sì ìjọba kò tó. Bọ́ọ́lẹ̀-ká-jà onípákó, mọ́lùẹ́ àti dánfó ni wọ́n ń gùn. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí ọkọ̀ àdáni dá sílẹ̀ ni wọ́n sì ń há sí, ọgọ́rin ènìyàn nínú mọ́lùẹ́ kan lẹ́yìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó gbé ẹnì kan ṣoṣo. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń jẹ àkókò rẹ̀ jù lọ, inú mọ́lùẹ́ ni kí a ti lọ kà wọ́n.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ náà kò mọ ọlọ́lá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé ọdún 1976, Ọ̀gágun Murtala Muhammed kéde pé olú ìlú yóò kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akínọlá Àgùdà ṣe alága rẹ̀ ti sọ fún un pé Èkó há jù fún iṣẹ́ méjì, ti olú ìlú gbogbo Nàìjíríà àti ti olú ìlú ìpínlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ Mercedes dúdú tí ó gbé olórí ìjọba náà dúró láàárín àwọn ọkọ̀ mìíràn ní Ìkòyí. Kò sí ọ̀wọ́ ọmọ ogun púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò fẹ́ràn irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tí ó ń dìtẹ̀ sí ìjọba rẹ̀ ti yìnbọn pa á. Ọkọ̀ náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn títí di òní, pẹ̀lú ihò ọta lára rẹ̀. Àwọn apànìyàn ni ó pa Murtala, kì í ṣe súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí àpẹẹrẹ mìíràn tí ó fi hàn tó bẹ́ẹ̀ pé ìlú náà ti há mọ́ gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tí ó ga jù lọ nínú rẹ̀.

Inú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni òfin nọ́mbà bọ́ sí ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ọlọ́rọ̀ ra ọkọ̀ kejì. Ó rí i dájú pé nọ́mbà ọkọ̀ kejì kò bá ti àkọ́kọ́ mu: bí ti àkọ́kọ́ bá ṣe é pín sí méjì, ti èkejì kò gbọdọ̀ ṣe é pín. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí kò ní ọkọ̀ tí yóò gùn. Ẹni tí ó ti ní ọkọ̀ méjì tẹ́lẹ̀ kò tilẹ̀ ní ìṣòro ju kí ó tọ́jú nọ́mbà tí ó yẹ. Wọ́n tún ń sọ ọ́ nínú ìtàn àwọn tí ó ṣojú wọn pé àwọn kan a máa pààrọ̀ nọ́mbà lára ọkọ̀ kan ṣoṣo. Òfin tí wọ́n ṣe kí ọkọ̀ lè dín kù lójú pópó wá di ohun tí ó ń mú kí iye ọkọ̀ nílùú pọ̀ sí i. Ta ni ó wá ru ẹrù náà? Akọ̀wé tí ó fi owó Udoji ra ìjàpá kan ṣoṣo ni. Òun ni ó ń padà sínú èrò bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, bọ́ọ̀sì tí kò pọ̀ sí i láti gbà á. Àwọn tí ó ti wà nínú bọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ sì tún há sí i.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń sọ ìtàn yìí a máa fi ẹ̀rín parí rẹ̀: ẹ ò rí àwọn ará Èkó, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, kò sí òfin tí wọn kò ní rí ọ̀nà gbà yọ nínú rẹ̀! Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Igbe ọdún 1972, ọdún márùn-ún péré ṣáájú òfin nọ́mbà, gbogbo awakọ̀ Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bí àwa àti gbogbo aládùúgbò wọn ti ń ṣe. Iṣẹ́ ńlá ni, àwọn ará Èkó sì ṣe é. Kí ni ó fà á tí àwọn ènìyàn kan náà fi gbọ́ràn lọ́dún 1972 tí wọ́n fi sá fún òfin lọ́dún 1977? Òfin àkọ́kọ́ kan olówó àti tálákà bákan náà, kò sì sí èrè kankan fún ẹni tí ó bá rú u, bí kò ṣe ikú. Òfin kejì ṣe é fi owó rà. Bí òfin bá ṣe é fi owó rà, tí owó náà kò sì wọ àpò ìlú bí kò ṣe àpò ẹni tí ó ń ta ọkọ̀, a kò gbọdọ̀ dá ará ìlú lẹ́bi bí ó bá rà á.

Ẹ̀rí mìíràn wà pé kì í ṣe ìwà àwọn ará Èkó. Ní oṣù Bélú ọdún 1989, ìlú Mexico bẹ̀rẹ̀ irú òfin yìí nítorí èéfín tí ó bo ìlú náà; nọ́mbà tí ó gbẹ̀yìn lára ọkọ̀ ni wọ́n ń lò, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń sinmi ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn ọdún díẹ̀ rí i pé ọ̀pọ̀ ìdílé ra ọkọ̀ kejì, tí ó sábà máa ń jẹ́ ọkọ̀ àlòkù tí ó ń tú èéfín ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ará Mexico kò gbọ́ ìtàn Èkó rí. Òfin náà ni ó kọ́ wọn ní ọgbọ́n náà.

Ṣé kò wá sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí ọkọ̀ àdáni ni? Ó wà. Ọdún méjì ṣáájú òfin Èkó, ní ọjọ́ 2 oṣù Òkúdù ọdún 1975, ìlú Singapore bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀. Ìlú etí òkun ni, bí Èkó, abẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ti jáde bí Èkó. Wọn kò wo nọ́mbà ọkọ̀. Wọ́n yí àárín gbùngbùn ìlú ká, wọ́n ní ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ ní òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ ra ìwé àṣẹ, dọ́là 3 ti Singapore lóòjọ́. Ọkọ̀ tí ó bá gbé ènìyàn mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò san nǹkan kan. Wọ́n gbé owó ìgbọ́kọ̀sí sókè. Iye ọkọ̀ àdáni tí ó ń wọ ibẹ̀ ní wákàtí wọ̀nyẹn já wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ètò méjèèjì ni pé ní Singapore, ẹni tí ó ní ọkọ̀ méjì ń san owó ní ọjọ́ gbogbo tí ó bá wọ ìlú, owó náà sì ń dé ọwọ́ ìjọba. Ohun kan tún wà tí a kì í sábà sọ: ní ọdún 1973, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, wọ́n ti kó àwọn ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú náà jọ sábẹ́ orúkọ kan, wọ́n sì ti ń tún iṣẹ́ wọn ṣe. Bọ́ọ̀sì ṣáájú, owó tẹ̀ lé e. Ní Èkó, òfin dé, bọ́ọ̀sì kò dé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: Singapore kéré, ìjọba rẹ̀ sì le. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjọba Èkó ní ọdún 1977 kì í ṣe ìjọba tí ó rọ̀. Ìjọba ológun ni, ó sì ní owó epo rọ̀bì. Kì í ṣe agbára ni ó ṣaláìní.

Lẹ́yìn tí òfin nọ́mbà di àwáwí, afárá ni Èkó gbọ́kàn lé. Afárá kẹta, èyí tí ó gùn jù lọ, parí ní ọdún 1990. Olú ìlú sì kó lọ sí Àbújá ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1991. Síbẹ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò bá ìjọba kó lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ti fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn, ìyẹn Alhaji Lateef Jákàńdè, gómìnà tí àwọn ará ìlú dìbò yàn. Ní ọdún 1983 ó bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin fún inú ìgboro Èkó, àjọṣepọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ Faransé ni yóò sì ṣe é. Àwọn ológun gba ìjọba kí ọdún náà tó parí. Ní ọdún 1985, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé ètò náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti san owó ńlá sórí rẹ̀. Ó di oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2008 kí èrò Èkó tó rí bọ́ọ̀sì tí ó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, láti Máìlì Méjìlá dé CMS.

Ìfòfindè kò sì tíì tán lọ́wọ́ ìjọba. Ní ọdún 2012, òfin ìrìnnà Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní òpópónà 475. Ní ọjọ́ 1 oṣù Èrèlé ọdún 2020, wọ́n tún lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kúrò ní apá ńlá nínú ìlú. Ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, àwọn òṣìṣẹ́ àti ọmọ ilé ìwé fi ẹsẹ̀ rìn lọ, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ní ọdún 1977, ọlọ́kọ̀ kan ni wọ́n dá dúró, ó ra ọkọ̀ kejì. Ẹni tí ó ń gun ọ̀kadà kò ní ohun tí yóò rà.

Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ìtàn náà gba ibòmíràn. Kò sí owó epo rọ̀bì tí yóò sọ akọ̀wé Àjàṣẹ́ di ọlọ́kọ̀. Nígbà tí ọdún 1980 sí 1989 fi ń parí lọ, báǹkì ti wó, ìjọba kò sì lè san owó oṣù mọ́. Ní ọdún 1989, ìjọba fọwọ́ sí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí àwọn ayánilówó ilẹ̀ òkèèrè là sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ ìjọba sì tì pa. Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, àti àwọn tí wọ́n jáde ilé ìwé gíga láìrí iṣẹ́, gun alùpùpù. Àgbègbè Àjàṣẹ́ ti mọ kẹ̀kẹ́ ológeere tí ó ń gbé èrò tẹ́lẹ̀, èyí tí a ń pè ní taxi-kannan; alùpùpù gba iṣẹ́ náà, orúkọ rẹ̀ sì di zemidjan, èyí tí ó túmọ̀ sí "gbé mi kíákíá". Ní Lomé, àkókò ìyanṣẹ́lódì ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Bélú ọdún 1992 ni ó gbilẹ̀. Àwọn aláṣẹ Kútọnú kò lé wọn. Wọ́n fún wọn ní aṣọ òfééfèé aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n sì kọ nọ́mbà sí i. Nọ́mbà tí ó wà ní Èkó láti dá ènìyàn dúró sílé, ní Kútọnú, láti fi mọ ẹni tí ó jáde ni.

Kí ni zemidjan ń mu? Kpayo ni, epo tí ó ń gba Sèmè, Ìgòló àti ojú omi wọlé láti Nàìjíríà. Ìdíyelé tí ìjọba Èkó ṣe lọ́dún 1977 kí epo má baà wọ́n ará ìlú rẹ̀ ni ó mú kí ó dára láti kó o kọjá ibodè. Fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀, owó ìjọba Nàìjíríà ni ó ń bá wa san apá kan nínú owó ọkọ̀ tí a ń san láti Àkpàkpà sí Dántọkpá, tàbí láti Abomey-Calavi sí Kútọnú ní òwúrọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ọdún 2023, ààrẹ tuntun dúró ní Àbújá, ó ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iye owó kpayo inú ìgò lẹ́bàá títì ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnú ti fò sókè, owó zemidjan sì tẹ̀ lé e. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó dìbò lórí rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tí ó ń ṣètò ìrìnnà ní ìlú wa rántí èyí nígbà tí wọ́n bá ń ro bí wọn yóò ṣe dín mọ́tò àti alùpùpù kù láàárín Godomey àti èbúté Kútọnú: ọdún 2023 ti fi hàn pé àwọn èrò wa kò ní ohun mìíràn láti gùn.

Ọkọ̀ ojú irin tí Jákàńdè fẹ́ ṣe padà wá. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, Muhammadu Buhari, tí ó ti di ààrẹ tí a dìbò yàn, ni ó wá sí Èkó láti ṣí apá àkọ́kọ́ ọ̀nà irin tuntun náà. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Máìlì Kejì dé Marina lórí erékùṣù, kìlómítà 13. Apá kejì ni wọ́n ṣètò pé yóò gbé e dé Òkókómaikò, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì tí àwa náà ń gbà wọ Èkó. Ọ̀kan nínú àwọn ibùdókọ̀ tí ó wà nínú ètò náà ni èyí tí ó wà ní Ọ̀jọ́, níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ ìjàpá pọ̀ lọ́dún 1975. Volkswagen ni àwọn awakọ̀ ṣì ń pe ibẹ̀.